Ẹ̀gbọ́n Ló Bá A Dáhùn

Ẹsẹ̀ ni Arán-má-tú fi ń jẹun. Télọ̀ ni, ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ ló ń lò nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan tó wà láàárín onífọ́tò àti ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí pé aṣọ tó bá rán kì í tú. Nígbà tí dókítà sọ fún un pé àfi kí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, ó ní, "Aṣọ mi ò tú rí o, ara mi ló wá ń tú." Ó rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

Àtọ̀gbẹ ló fà á. Abẹ́rẹ́ bọ́ sílẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò mọ̀ ọ́n lára. Egbò náà jẹ wọnú egungun. Dókítà ọsibítù ìlú, obìnrin kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, sọ fún un pé: "Bàbá, tí a bá gé e nísàlẹ̀ orúnkún báyìí, ẹ ṣì lè fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tẹ ẹ̀rọ. Tó bá gòkè, mi ò lè ṣèlérí."

"Ẹ gé kí ni? Ṣé igi ni?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dá a lóhùn bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì ni ẹ̀gbọ́n yìí. Òun ló tọ́ Arán-má-tú nígbà tí bàbá wọn kú, tó bá sì ti ń sọ̀rọ̀ nínú ẹbí, ẹnu kan ò tún sí níbẹ̀ mọ́. Ó wá dókítà egungun kan rí lókè òkun, ó fi àwòrán egbò àti ti egungun ránṣẹ́ sí i, wọ́n sì fún un ní ọjọ́ tí wọ́n á jọ sọ̀rọ̀ lórí fídíò.

Ẹ̀gbọ́n ò ṣẹ̀ níbẹ̀. Dókítà ọsibítù pàápàá ní kí wọ́n bi dókítà òkèèrè náà léèrè, kí wọ́n má ṣáà jẹ́ kó pẹ́.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n tún ilé ṣe bí ìgbà tí àlejò pàtàkì ń bọ̀. Ìyàwó gbálẹ̀, ó wọ ẹ̀wù tó lọ̀ dáadáa fún ọkọ rẹ̀, ó fọ egbò náà títí tó fi mọ́. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí wa bí ọ̀bùn," ló wí. Òórùn tí kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ yàrá náà mọ́ kò lè gba inú fóònù kọjá. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n imú náà ní tirẹ̀.

Ìyàwó ló gbé fóònù dání. Ẹ̀gbọ́n ló ń ṣe ògbufọ̀, torí pé tọkọtaya náà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Dókítà òkèèrè béèrè bóyá ibà ń ṣe aláìsàn. Ẹ̀gbọ́n ò bi aláìsàn. Ó fèsì lójú ẹsẹ̀ pé rárá, a dúpẹ́. Ṣé òtútù ń mú un? Rárá, ara rẹ̀ le.

Ìyàwó ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ibà ni wọ́n ń pè ní fífà. Òun ló ń ká aṣọ ibùsùn tí òógùn ti rin gbindin ní àràárọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ibà yẹn…"

"Ìyàwó, gbé fóònù yẹn dúró dáadáa jàre."

Arán-má-tú gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Nígbà tí mo lọ gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu wọn lẹ́yìn náà, mo bi í pé kí ló dé tó fi dákẹ́. Ó ní, "Ṣé kí n já ẹ̀gbọ́n mi nírọ́ lójú àlejò ni?" Ó tún ní, "Kí n má purọ́ fún yín, ìdáhùn tí wọ́n ń fún un yẹn ló wù mí."

Dókítà òkèèrè ní níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí ibà, kí wọ́n fi oògùn líle gbìyànjú fún oṣù kan àbọ̀ ná. Ṣùgbọ́n tí ibà bá yọjú, kí wọ́n gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ààbọ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni ẹ̀gbọ́n túmọ̀. "Wọn ò ní gé e!" Ilé gba ariwo.

Mo bi ẹ̀gbọ́n nípa ààbọ̀ kejì. Ó ní òun ò fi pa mọ́. "Ibà wo ni mo fẹ́ máa pè lé ọmọ ìyá mi lórí? Kò kúkú sí nígbà yẹn."

"Ṣé ẹ bi í?"

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Mi ò bi í."

Arán-má-tú ń lo oògùn, ó padà sídìí ẹ̀rọ, ó ń rán aṣọ iléèwé. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ náà fi dúdú kọjá orúnkún, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń bá oníbàárà tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyàwó ò pe ẹnikẹ́ni. Ó wá ọkọ̀, ó gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà ṣí aṣọ wò, kò bá wọn wíjọ́. Òkè itan ni wọ́n ti gé e. Èyí tó kù kò tó ohun tí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá lè dì mú láti tẹ ẹ̀rọ.

Nọ́ọ̀sì béèrè ìgbà tí ibà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó ní, "Ó ti wà kí wọ́n tó pe dókítà òkèèrè."

Ẹ̀gbọ́n, tó ti gbọ́, tó sì sáré wá, yíjú sí i. "O mọ̀, o ò sì sọ?"

"Mo sọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní kí n gbé fóònù dúró."

Ojú ọgbẹ́ itan náà ò tíì jiná. Ẹ̀gbọ́n ń wá lójoojúmọ́, á jókòó síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Tí dókítà bá ti wọlé, á dìde, á bọ́ síta. Arán-má-tú fúnra rẹ̀ ló ń dáhùn ohun tí wọ́n bá bi í. Òótọ́ ló ń sọ, ìdáhùn náà kì í sì í dára.