Omi Ọjọ́ Tí Oòrùn Padà

Ní agboolé ọkọ mi ní Ọ̀fin, oòrùn ní ibi tí kì í kọjá. Bí òjò oṣù Òkúdu bá ti ń rọ̀ gan-an, á máa sún díẹ̀díẹ̀ sápá òsì láràárọ̀, títí á fi yọ lẹ́yìn ìrókò kan tó wà lójú ọ̀nà odò. Á dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Àárọ̀ tó bá fẹ́ padà ni wọ́n ń pè ní Ọjọ́ Ìpadà. Wọ́n gbà pé àìsàn tí wọ́n bá fomi wẹ̀ kúrò lára èèyàn láàárọ̀ ọjọ́ náà á bá oòrùn padà síbi tó ti wá. Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n ti gbé mi níyàwó, n kò rí irú ẹ̀ rí. Mo fi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, àmọ́ inú ni mo rín in sí, nítorí ìyàwó kì í fi àṣà ilé ọkọ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀kan nínú àwa ìyàwó ilé ló ń lọ pọn omi náà ní odò Ìbú, kí oòrùn tó yọ. Wọ́n á fi ewé akòko há a lẹ́nu. Kò gbọdọ̀ kí ẹnikẹ́ni, kò sì gbọdọ̀ dáhùn, títí á fi da omi náà sínú ìkòkò tí wọ́n ti gún rinrin, òdúndún àti tẹ̀tẹ̀ sí. Bó bá fọhùn, omi ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sì sí òmíràn títí di ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá rí ewé lẹ́nu rẹ̀ á yà fún un. Ẹnu dùn-ún ròfọ́! Ìyàwó Rẹ́mọ tó bá kọjá lára àgbà ilé ọkọ láàárọ̀ láìkúnlẹ̀, ẹ bi í bóyá ó tún fẹ́ẹ́ gbé ilé náà.

Bàbá ló ń sọ ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi ni wọ́n, àwọn ló dàgbà jù nínú agboolé. Ojú wọn ti fọ́ nígbà tí mo débẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á máa fi ọ̀pá tálẹ̀ lọ sídìí ìrókò náà, wọ́n á kọjú sí oòrùn, wọ́n á ní ó ti dúró tàbí kò tíì dúró. Wọn kì í ṣì í.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ara àkọ́bí mi gbóná fún ọjọ́ márùn-ún. Gìrì ti mú un lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá ní Ọjọ́ Ìpadà di ọ̀tunla. Ìyá ọkọ mi wo ọmọ náà, wọ́n wo èmi náà.

Wọ́n ní, "Ọmọ yìí ò lè dúró de ọ̀tunla. Àárọ̀ ọ̀la ni wàá lọ. Má jẹ̀ẹ́ kí Bàbá gbọ́."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ díẹ̀, àwọn fúnra wọn ló fi ewé há mi lẹ́nu. Ojú ọ̀nà ń yọ̀, òjò ṣú, n kò sì gbọ́ ohùn ẹyẹ kan. Mo ń bọ̀ láti odò, omi wà lórí mi, ni mo bá rí Bàbá lábẹ́ ìrókò. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ mi.

"Yèsí nìyẹn?"

Ẹsẹ̀ márùn-ún péré ló wà láàárín wa. Ewé wà lẹ́nu mi, àmọ́ ojú wọn kò lè rí i.

"Mo ní, yèsí?"

Ogun kò tíì tán nígbà náà. Àwọn ajínigbé ń kó èèyàn lójú ọ̀nà oko, gbogbo wa la sì ń kọ́ àwọn ọmọ wa pé ẹni tí a bá kí tí kò dáhùn, ká sá fún un. Mo mọ ohun tí Bàbá ń rò. Orúnkún mi fẹ́ẹ́ kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni, "Èmi ni, Bàbá." Mo rántí bí ọmọ mi ṣe ń yí ojú. Mo gé ewé náà jẹ, mo gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá.

Wọn kò pariwo nígbà kẹta. Wọ́n rọra ní, "Ṣé ẹ ti dé nìyẹn?"

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí wọ́n ń sá, àgbàlagbà tí kò sáré mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n gba apá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ. Mo gbọ́ ìró ìṣubú wọn. N kò wẹ̀yìn. Omi tó wà lórí mi kò dà sílẹ̀ rárá.

A wẹ ọmọ náà. Kí oòrùn tó dé àtàrí, ó ti làágùn, ó ń wá ọmú. Àwọn ará ilé se àgbàdo tuntun àti ìgbín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kọrin. Àárín orin ni wọ́n ti gbé Bàbá wọlé lórí ẹní. Ìbàdí wọn ti yẹ̀.

Àwọn ọkùnrin ilé mú àdá, wọ́n ní àwọn ń lọ wá ajínigbé. Bàbá dá wọn dúró. Wọ́n ní ajínigbé ì bá ti mú àwọn. Èyí tí àwọn pàdé rọra rìn yí àwọn ká ni, bí ẹni tó mọ àwọn. Wọ́n ní àwọn òkú ilé tó ti lọ ló wá mú àwọn. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti fẹ́ẹ́ jẹun mọ́. Ìyá ọkọ mi kábàámọ̀, wọ́n lọ jẹ́wọ́ fún Bàbá pé a ti pọn omi lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kẹrin, Bàbá pè mí. Mo gbé ọmọ dání, ibà rẹ̀ ti lọ.

Wọ́n ní, "Ìyàwó, ẹ̀rù ń bà mí. Bó bá jẹ́ ìwọ ni, sọ fún mi. N kò ní bínú."

Mo wo ìyá ọkọ mi. Mo ro bí wọ́n á ṣe máa pè mí ní ìyàwó tó pa àgbà ilé. Mo tún rò ó pé bí mo bá jẹ́wọ́, bóyá ibà náà á padà wá. Ìbẹ̀rù lásán ni, mo mọ̀ ọ́n nígbà yẹn pàápàá.

"Kì í ṣe èmi, Bàbá. Ọ̀nà ibòmíràn ni mo gbà."

Wọ́n ní, "Ó dáa. A jẹ́ pé àwọn tó ti lọ náà ni."

Wọ́n kọjú sí ògiri. Kí ọjọ́ ọjà tó pé, wọ́n ti kú. Gbogbo ilé ní Bàbá ló fi orí ara wọn gba orí ọmọ mi. Wọ́n ní kí n gbé e wá síbi òkú, kí a dúpẹ́. Mo gbé e lọ, mo sì dúpẹ́.