Òrí Tí Mo Fi Pa Mọ́tò Lára

Òrí ni mo fi ba inú mọ́tò ọ̀gá awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Hámídù jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́, torí bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará Katako, wọ́n á ní epo pupa ni.

Iṣẹ́ tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ní Niamey kò lórúkọ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ń fọ ara mọ́tò létí odò, èmi ń fọ inú rẹ̀. Alágbàfọ̀ ni mí tẹ́lẹ̀, ọkọ mi ń ta aṣọ, ẹ̀yìn ọjà Katako la sì ń gbé. Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ takisí kan kó aṣọ àga mọ́tò rẹ̀ wá fún mi láti fọ̀. Nígbà tí mo lọ bá a tẹ́ ẹ padà, mo wo ara ilẹ̀kùn mọ́tò náà nínú, mo ní, "Háà! Ṣé ẹṣin lo máa ń gbé ni?" Àpá bàtà dúdú ló tò lára rọ́bà funfun. Mo mú ọṣẹ dúdú, mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì, takisí mẹ́rin ló tò sẹ́nu ọ̀nà wa, ọkọ mi sì ń bi mí bóyá mo ti di mẹkáníìkì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé àpá kì í ṣe ìdọ̀tí. Eruku tó jókòó síbì kan ni ìdọ̀tí. Àpá ní tirẹ̀, nǹkan mìíràn ló fara ha rọ́bà tó sì fi àwọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Èékánná ni mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí èékánná bá há, ọgbẹ́ nìyẹn, fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run àti fún ẹni tó ń rán àga. Bó bá yọ̀ kọjá, á kúrò. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí mo po ọṣẹ dúdú sí, àkísà òwú tó ti gbó dáadáa, àti rọ́bà ìpàwérẹ́ àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n ń pè ní gọ́ọ̀mù, irinṣẹ́ mi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá mi tó kọ́ mi ní ọṣẹ sísè ní Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń sọ pé, "Sìkírátù, má bá àbàwọ́n jà. Bẹ̀ ẹ́, á lọ." Èmi tí mo gbóná lára, ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn tó wọ̀ mí létí.

Ìgbà tí owó yuraníọ̀mù ń wọlé lọ́tùn-ún lósì ni. Mọ́tò tuntun kún ìgboro. Ológun ló sì ń ṣèjọba, gbogbo wa la mọ̀ pé a kì í fi ohun ìjọba ṣeré lójú wọn. Òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Hámídù gbé mọ́tò ọ̀gá rẹ̀ dé. Ọmọ ẹ̀yà Zarma ni Hámídù, èèyàn jẹ́jẹ́, ó ń wakọ̀ fún ọ̀gá àgbà kan tí iṣẹ́ yuraníọ̀mù máa ń gbé lọ sí Árílìtì, níbi tí wọ́n ti ń wà á nílẹ̀.

"Ìyá, ẹ gbà mí o!"

Mo ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò náà. Walahi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á dé padà. Àpá dúdú, àpá aláwọ̀ ewé, àpá pupa, láti iwájú títí dé ẹ̀yìn.

"Hámídù, kí lo fi mọ́tò yìí gbé?"

"Ẹrù ìyàwó."

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń lọ ilé ọkọ ní Lamordé, lódìkejì odò. Kẹ̀kẹ́ tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fẹ́ fi fa ẹrù náà ṣẹ́ lójú ọ̀nà, ọ̀gá kò sì sí nílé. Ni Hámídù bá kó ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì onírin, àpótí àti abọ́ tánganran jọ sínú mọ́tò ìjọba, ó gba orí afárá lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ ò kúkú gbé ràkúnmí kan sí i?" ni mo wí.

Kò rẹ́rìn-ín. "Lẹ́yìn ìrun Alásárì ni ọkọ̀ òfurufú ọ̀gá máa balẹ̀. Bó bá rí èyí, iṣẹ́ mi ti lọ. Ọmọ mẹ́fà ni mo bí, Ìyá."

Mo ká apá aṣọ mi sókè. Ọṣẹ mú àwọ̀ abọ́ tánganran kúrò, gọ́ọ̀mù mú ti bẹ́ẹ̀dì. Gọ́ọ̀mù mẹ́ta tán lọ́wọ́ mi. Nígbà tí Hámídù fi máa lọ kírun Jímọ̀, ọgbẹ́ kékeré méjì péré ló kù nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ibi tí ojú ọ̀gá kò ní tètè dé.

Ibi tó yẹ kí n ti dáwọ́ dúró nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo wo rọ́bà náà, mo rí i tó gbẹ, tó funfun hàù bí ara ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán. Ọmọ Yorùbá wo ló ń wẹ ọmọ tán tí kì í fi òrí pa á lára? Mo wọlé lọ bu òrí. Mo fi pa ara ilẹ̀kùn, mo fi pa dáṣíbọ́ọ̀dù, mo pa ẹ̀yìn àga. Ó ń dán gbinrin! Mo pe aládùúgbò wá wò ó. Mo ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ kí òórùn ọṣẹ lè jáde, mo wọlé lọ kírun tèmi.

Ẹ̀fúùfù dìde. Kí n tó sálámà, eruku pupa ti kún inú mọ́tò, gbogbo rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ òrí bí ìyẹ̀fun ṣe ń lẹ̀ mọ́ ẹja tí wọ́n fẹ́ dín. Mo fi àkísà nù ún, ó di ẹrẹ̀. Bí Hámídù ṣe dé nìyẹn. Kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí, ó wò mí, ó ní, "Kala suuru, Ìyá." Sùúrù ni, ẹ rọ́jú. Òun tí iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún! Ojú tì mí débi pé mi ò lè wò ó.

Ìtìjú yẹn ló là mí lójú. Bí òrí bá pọ̀ jù lọ́rùn ọmọ ńkọ́, kí la máa ń ṣe? Pọ́dà ni! Mo kó pọ́dà ọmọ mi, mo ya ti aládùúgbò. A da pọ́dà náà sí gbogbo ibi tó ń yọ̀, a jẹ́ kó mu òrí náà. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì tí ọkọ mi fi ń fá irùngbọ̀n gbọ̀n ọ́n kúrò. Ọkọ mi bá búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ó wo ojú Hámídù, ó bọ́ agbádá Jímọ̀ rẹ̀, òun náà mú àkísà. A fi ọṣẹ tún un nù. Ó mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n inú mọ́tò ń ta sánsán bí yàrá ìyá ọmọ tuntun, kò sì sí àkókò mọ́. Hámídù gbé e lọ.

Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń retí ìròyìn. Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, mo rí Hámídù lókèèrè. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn.

"Mọ́tò dà?"

"Ó wà nílé ọ̀gá, ní àdúgbò Koira Kano. Ó ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi."

"Ó rí àpá?"

"Kò rí nǹkan kan. Ó jókòó, ó fín imú, ó ní, 'Hámídù, ọmọ ta lo gbé sínú mọ́tò yìí?' Mo bá sọ gbogbo ẹ̀ fún un."

"O sọ kí ni? Hámídù! Ta ló bẹ̀ ọ́?"

"Jímọ̀ ni, Ìyá. Mi ò lè purọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀."

"O ò wá lè dúró di Sátidé kó o tó ya olóòótọ́!"

Ó wá rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn. "A délé, ọ̀gá bọ́ sílẹ̀. Ó fọwọ́ ra ilẹ̀kùn, ó wò ó síwá sẹ́yìn. Ó ní bí mo bá tún gbé bẹ́ẹ̀dì sínú mọ́tò ìjọba, òun fúnra òun ló máa fà mí lé àwọn sójà lọ́wọ́. Ó ní kí n fẹsẹ̀ rìn lálẹ́ yìí kí ẹsẹ̀ mi má bàa gbàgbé. Láàárọ̀ ọ̀la, kí n wá gba kọ́kọ́rọ́ mi, kí n sì mú ẹni tó fọ mọ́tò náà dání, nítorí àwọn ọmọ òun ti fi bàtà ta ẹ̀yìn àga mọ́tò ìyàwó òun di dúdú."

Mo lọgun. Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń fi ìborùn mi lu Hámídù léjìká. Ọkọ mi sáré jáde pẹ̀lú búta àlùwàlá lọ́wọ́, ó ní, "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá Mùíbì," ni mo dá a lóhùn. "Iṣẹ́ Hámídù ló jí dìde."