Ẹ̀rọ Tí Kò Mọ "Ẹ Jọ̀ọ́"

Láyé rẹfolusiọ̀n, nígbà tí àwọn sójà ń ṣèjọba, kamaráàdì ni gbogbo wa. Wọ́n ní kò sí ọ̀gá, kò sí ẹrú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi "ìwọ" pe olórí àwọn kamaráàdì ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀ ìlú wa rí, kó jáde kí n rí i. Èmi ń ta epo pupa, mi ò sì kàwé dénú, àmọ́ mo kọ́ ọmọbìnrin mi ní ìtẹríba débi pé, bí ewúrẹ́ bá ti hu irùngbọ̀n, ó lè kúnlẹ̀ kí i.

Ìtẹríba yìí ló fẹ́ ba tiẹ̀ jẹ́ ní koléèjì.

Olùkọ́ ìṣirò kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìjọba rán wá láti Àjàṣẹ́, olú ìlú, ló ń kọ́ wọn ní èdè tí èèyàn fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ tí àwọn Faransé ń pè ní ọdinatọ́ọ̀. Ẹ̀rọ ọ̀hún ò sí nítòsí o. Ẹfun àti pátákó ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, bí ẹni ń kọ́ odò wíwẹ̀ lórí ẹní. Wọ́n á yá ẹ̀rọ kan wá láti Àjàṣẹ́ fún òwúrọ̀ kan péré, ẹni tó bá mọ àṣẹ ẹ̀ pa dáadáa nìkan ló máa fọwọ́ kàn án. Ọmọ mi ò gbádùn oúnjẹ mọ́. Ẹ̀rọ yẹn ló ń wù ú.

Lọ́jọ́ kan ó wálé tẹkún-tẹkún. Olùkọ́ ti fagi lé gbogbo ohun tó kọ. Bí èèyàn bá fẹ́ kí ẹ̀rọ náà tẹ̀ síwájú, "avansi" ló yẹ kó kọ lédè Faransé, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ọmọ tèmi kọ "avansé", bí a ṣe ń sọ ọ́ fún àgbà. Mo bi í pé kí ló dé.

"Ìyá, ẹ̀rọ ìjọba ni. Mi ò lè máa pè é ní ìwọ."

Mo rẹ́rìn-ín títí epo fi fẹ́ dànù lọ́wọ́ mi. Mo ní ó dáa, èmi ni ẹ̀rọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà, mo mú igi, mo fi kan ilẹ̀ níwájú àtẹ mi, mo ní kó pàṣẹ fún mi kí n ya ohun onígun mẹ́rin. Ó kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ síwájú." Mo dúró bí òpó. Ó bẹ̀ mí títí, mi ò mira. Nígbà tó yá, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Tẹ̀ síwájú." Mo gbéra. Ó gbàgbé láti sọ ibi tí mo máa dúró sí, ni mo bá ń lọ tààrà sí bàsíà onígàrí tó pàtẹ tì mí, obìnrin tí ẹnu ẹ̀ mú bíi tèmi.

Onígàrí ní, "Ìyá Elépo, ṣé ojú ń dùn yín ni?"

"Mi ò ríran lónìí. Ẹ bá ẹni tó ń darí mi sọ̀rọ̀."

Ẹsẹ̀ mi kan ti wọ gàrí kí ọmọ mi tó ké: "Dúró! Yí sí ọ̀tún!"

Onígàrí bi mí bóyá bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ nílé wa nìyẹn. Mo ní ṣebí kamaráàdì ni gbogbo wa, àbí ó ti gbàgbé? Mo sì yí sí ọ̀tún. Láti ọjọ́ náà ni ohùn ọmọ mi ti là. Á pàṣẹ fún mi bíi sójà, bó bá ti parí, á wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, pé kíkúnlẹ̀ nìkan ò tó.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bàṣé, èyí tí wọ́n fi aṣọ bo ẹ̀yìn ẹ̀, gbé ẹ̀rọ dé, ó wà lára àwọn tí olùkọ́ pè. Mo dúró lẹ́yìn fèrèsé. Tẹlifísọ̀n kékeré kan ni, kò jọ ohun tó yẹ kí èèyàn sunkún lé lórí. Ọmọ mi fi ìka kan ṣoṣo tẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀. Ìlà kan yọ, ó yí, ó tún yí, títí igun mẹ́rin fi pé. Olùkọ́ ní kó fi òrùlé lé e kó di ilé.

Ibẹ̀ ni awakọ̀ bàṣé ti fọn fèrè pé àkókò ti tó, òun fẹ́ gbé ẹ̀rọ òun lọ. Olùkọ́ bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ọmọ mi ṣì ń tẹ ti òrùlé lọ́wọ́.

Mo lọ bá awakọ̀. Mo ní epo pupa láti Oko-Akarè wà lọ́wọ́ mi, bó bá padà sí Àjàṣẹ́ lọ́wọ́ òfo, kí ló máa sọ fún ìyàwó ẹ̀? Ó ní èló ni. Mo pe iye tí ọba gan-an ò lè san. Ó bú mi, mo bú u. Ó lọ, mo pè é padà. Mo ń dín in ní dálà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn faranki márùn-ún péré, mo sì ń béèrè àlàáfíà gbogbo ará ilé ẹ̀ láàárín ìyẹn. Ìgbà tó fi máa gbé garawa epo sínú ọkọ̀, òrùlé ti wà lórí ilé, ọmọ mi sì ti ń kan ilẹ̀kùn sí i.