Ìyá Tó Ń Rẹ Aṣọ Ìtọrẹ Láró

Ọwọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, nítorí aró ti sọ ọ́ di dúdú dé ọrùn-ọwọ́. Lọ́dún tí iná ọyẹ́ jó àdúgbò wa ní Ìsàn-Èkìtì, ìjọ kó àwa tí a kò nílé mọ́ sínú ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì fi ìyá yìí ṣe olùtọ́jú ẹrù tí àwọn ènìyàn fi ta wá lọ́rẹ. Kò sí aṣọ tí kì í kọ́kọ́ rẹ láró kó tó pín in. Nígbà tó ri ìró funfun báláú tí ìyàwó oníkòkó kan fi tọrẹ bọ inú ìkòkò aró, mo bi í pé, "Ìyá, kí ló burú nínú àwọ̀ tó ní tẹ́lẹ̀?"

Ó ń rẹ aṣọ náà lọ. Nígbà tí ìró náà gbẹ, ó nà án sí mi, ó ní, "Ró o ná."

Kò pẹ́ tí ìyàwó oníkòkó náà dé, tó ń wo ìró ìdí obìnrin kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Mo fẹ́ mọ ẹni tó ró ìró mi."

Ìyá ní, "Ṣebí o ti fún wa. Ṣé o ṣì ní ìró níbí ni?"

Obìnrin náà dúró lọ́dọ̀ mi, ó fọwọ́ kan ìró náà gan-an, kò sì dá a mọ̀. "Aró yìí mu dáadáa. Níbo lo ti rà á?"

Ìyá bá mi dáhùn láìgbójú sókè: "Aṣọ ulé rẹ̀ ni."

Obìnrin náà mi orí, ó bi mí léèrè àwọn ọmọ mi. Láti ọjọ́ tí iná ti jó wa, òun lẹni àkọ́kọ́ tó bá mi sọ̀rọ̀ láìṣàánú mi.