Ẹja Àna Mi àti Béárì Orí Òkè

Ìyá kan nínú ìjọ wa ní Laurelton, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ títọ́jú arúgbó láti ilé dé ilé káàkiri Queens, ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi pé béárì wà nínú àwọn igbó tó wà lókè New York. Arúgbó òyìnbó kan tí wọ́n ń tọ́jú ló sọ fún wọn. Wọ́n ní ẹranko náà a máa pàdé àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lójú ọ̀nà igbó, pàápàá àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́, torí kẹ̀kẹ́ kì í pariwo kó tó débi tó ń lọ. Mo rẹ́rìn-ín. Lójú tèmi, béárì ò kọjá ìtàn Ilé-ìwé Ọjọ́ Ìsinmi, tòun ti àwọn ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́ tó fi wòlíì ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bi Màmá bóyá torí pé àwọn ò fẹ́ rìn lórí òkè ni wọ́n ṣe ń dẹ́rù ba àwa tó fẹ́ rìn. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ rẹ ni. Ìwọ lo mọ ibi tí wàá gbé e lọ."

Nígbà náà, iṣẹ́ ẹrù ni mò ń ṣe ní pápákọ̀ òfurufú, àwọn kan níbi iṣẹ́ wa sì máa ń lọ rìn lórí òkè lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo bá wọn lọ. Mo ra bàtà igbó, mo ra ọ̀pá, mo ra fìlà tó ní okùn lábẹ́ àgbọ̀n, ni mo bá di ọ̀gá igbó. Ẹni tó bá wádìí mi dáadáa á mọ̀ pé àárín ìgboro Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, àti pé ẹranko igbó kan ṣoṣo tí mo fojú kàn kí n tó dé Amẹ́ríkà ni òkété yíyan tí wọ́n máa ń nà sí ọlọ́kọ̀ lójú títì. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bàtà ni mo ní, mi ò ní àkísà.

Ọdún yẹn ni bàbá ìyàwó mi wá kí wa láti ilé. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n lápá Iléṣà, ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ lẹ́nu wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wa, tí wọ́n ń wo ọkọ̀ tó ń kọjá. Ó wù mí kí wọ́n rí i pé ẹni tó fẹ́ ọmọ wọn kì í ṣe ẹni tó kàn ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ wá sùn. Mo ní n ó mú wọn lọ wo orí òkè. Ìyàwó mi gbà, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Orúnkún bàbá mi ò gba eré o. Bí ẹ ṣe mú wọn lọ ni kí ẹ mú wọn bọ̀." Mo ní ṣé ó rò pé ọmọdé ló fẹ́ ni.

Bí àna tó mọ ojúṣe rẹ̀, mo gba àpò tí Bàbá gbé kọ́ èjìká, mo gbé e kọ́ tèmi. Ká tó rékọjá Bronx, òórùn ẹja yíyan ti gba inú ọkọ̀. Mo ṣe bí ẹni tí imú rẹ̀ dí.

Lẹ́nu ọ̀nà igbó, ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ olùṣọ́ igbó dá wa dúró. Ó ní béárì kan ti ń rìn kiri níbẹ̀ láti bí ọjọ́ mélòó kan. Bí a bá rí i, ká má sáré, ká sọ̀rọ̀ sókè, ká máa fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀. Ó wá béèrè bóyá oúnjẹ tó ń ta sánsán wà nínú àpò wa; bó bá wà, ká lọ fi í sínú ọkọ̀. Bàbá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ń gba imú jáde yẹn, wọ́n kàn ń wò mí lẹ́nu. Ẹ bá mi dá a: ta ni yóò tú ẹrù àna rẹ̀ níwájú ọmọdébìnrin? Bí mo bá ní kí wọ́n yọ ẹja wọn, ṣé kì í ṣe pé mò ń sọ pé wọ́n ń rùn? Mo dá ọmọbìnrin náà lóhùn pé kò sí nǹkan kan. Mo yíjú sí Bàbá, mo ní ó ń kí wa káàbọ̀ ni.

A rìn. Mò ń júwe igi tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀, Bàbá ń dáhùn pé "Hẹn." Níbì kan, wọ́n dúró, wọ́n fi ọ̀pá kan òkúta tí nǹkan kan ti yí dànù, wọ́n wo èèpo igi tí èékánná ti ha yánnayànna. Wọ́n ní ẹranko ńlá kan ti kọjá níbẹ̀ láàárọ̀. Mo ní ọ̀kẹ́rẹ́ ni. Wọ́n wo igi náà, wọ́n wò mí. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i.

A ò tíì rìn jìnnà tí ọ̀kẹ́rẹ́ mi fi jáde sójú ọ̀nà. Ó dúdú, ó sanra, ó gbé imú sókè, ó ń fa atẹ́gùn símú bí ẹni tó ń wá ilé tí wọ́n ti ń se ọbẹ̀. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ sá, ṣùgbọ́n mo rántí orúnkún tó wà lẹ́yìn mi, mo sì rántí ẹni tó ń retí wa ní Laurelton. Mo dúró síwájú Bàbá. A fẹ̀yìn rìn, béárì tẹ̀ lé wa. A tún fẹ̀yìn rìn, ó tún tẹ̀ lé wa. Kò wojú wa rárá, èjìká mi ló ń wò.

Bàbá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, ohùn wọn ò yí padà. "Àna, kí ni ọmọ yẹn bi ọ́ lẹ́nu ọ̀nà?"

"Ó ní ṣé oúnjẹ tó ń ta sánsán wà lọ́wọ́ wa."

"Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní rárá, sà."

"Sọ àpò yẹn sílẹ̀."

"Bàbá, ẹrù yín ni."

"Ẹja ni. Ìwọ lọmọ mi fẹ́, kò fẹ́ ẹja. Sọ ọ́ sílẹ̀."

Mo jù ú. Bí béárì ṣe tẹrí ba lé e lórí, ni Bàbá bá ké. Irú igbe tí wọ́n fi ń lé ọ̀bọ kúrò nínú oko kòkó ni. Mi ò mọ̀ pé ó wà nínú wọn. Wọ́n ń fi ọ̀pá lu igi, wọ́n ń ké, wọ́n ń fẹ̀yìn rìn, èmi náà ń ké tẹ̀ lé wọn. Béárì gbé àpò sẹ́nu, ó wọ inú igbó lọ bí ẹni tí wọ́n fún ní jíjẹ tó gbé e relé.

Nígbà tá a dé ìsàlẹ̀, mo lọ jẹ́wọ́ fún olùṣọ́ igbó. Ó bá mi wí bí ọmọ iléèwé, ó sì lọ ti ọ̀nà náà pa. Mo padà sínú ọkọ̀, mo dọ̀bálẹ̀ lórí ìjókòó bí àyè ṣe gbà mí. Ẹ̀rín ni Bàbá ń rín, omi ń dà lójú wọn. Wọ́n ní ohun tó dun àwọn ni pé béárì jẹ ẹja náà láìsí gààrí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ òkodoro: búrẹ́dì oníwàrà tí mo dì fún ìrìn náà ni wọn ò lè jẹ, wọn ò sì fẹ́ kí ojú tì mí, ni wọ́n ṣe rọra fi ẹja pamọ́ sínú àpò. Èmi ń bọ̀wọ̀ fún wọn, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi, béárì ló jẹ èrè rẹ̀.

Bàbá ti padà sílé tipẹ́, ara wọn sì le. Bí wọ́n bá pè mí lórí fóònù báyìí, tí nǹkan kan ò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á sọ ọ́ láìfi epo bọyọ̀, èmi náà á sì sọ tèmi. Nígbà míì, tí mo bá gbé fóònù sílẹ̀, mo máa ń mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ìwọ tó ń gbọ́ mi ńkọ́: òótọ́ wo ló wà lọ́rùn rẹ tí o ò lè sọ fún àgbà kan, tí o sì ń pè é ní ọ̀wọ̀?