Ìṣáwùrú Inú Abọ́ Kejì

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ajido, ṣàṣà ni ẹni tí n kì í fura sí. Bí ẹja bá dín nínú ọbẹ̀, ẹnu àwọn àbúrò mi ni màá kọ́kọ́ wò. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rẹ́rìn-ín, ìwà yẹn kó ìtìjú bá mi.

Mo wà ní fọ́ọ̀mù kẹrin nígbà tí olùkọ́ wa ní kí èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan wò ó bóyá ìṣáwùrú inú ọ̀sà lè gbé inú omi tí kò níyọ̀. Ilé ìwé wa kò ní irinṣẹ́ kankan. Abọ́ ike méjì la yá, a bu omi oníyọ̀ sí ọ̀kan, a bu omi kànga sí èkejì. Ká lè mọ bí iyọ̀ ṣe pọ̀ tó, a mú ike báírò tó ti gbẹ, a fi òjé ara àwọ̀n àti àbẹ́là dí ìdí rẹ̀, a wá fi òwú pupa sàmì sí i. Bí iyọ̀ bá pọ̀, á léfòó sókè. Inú wa dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ wa gan-an.

Màmá arúgbó kan tó ń se ìṣáwùrú tà nítòsí ilé wa ló fún wa ní ogójì láàyè, lọ́fẹ̀ẹ́. Ó tún ní ká gbé abọ́ wa sínú ilé ìdáná òun, a sì kó ogún sínú abọ́ kọ̀ọ̀kan. Ègùn ni màmá náà, "ovi ṣie" ló máa ń pè mí, ìyẹn ọmọ mi.

Lọ́jọ́ kejì, ogún pé nínú omi oníyọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́rìnlá ló kù nínú omi kànga. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, ó ti ku mẹ́jọ. Ara fu mí. Ta ló tún ń se ìṣáwùrú níbẹ̀? Mo ń yọjú wo ìkòkò màmá, mo ń tú karahun tó dà sẹ́yìn ilé wò, bíi pé mo lè dá tiwa mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fara balẹ̀, n kò gbọ́.

Mo ní, "Mà, ìṣáwùrú wa ń dín, ẹ̀yin nìkan lẹ sì ń wọ ibí."

"Ovi ṣie, èmi? Èmi tí mo fún yín?" Ó fà mí lọ́wọ́, ó ní kí n gbójú sókè. Àwọn ìṣáwùrú wa ló lẹ̀ mọ́ ògiri lábẹ́ òrùlé yẹn, àwọn kan tilẹ̀ ti gbẹ. "Wọn ò fẹ́ omi yẹn, wọ́n bá gun ògiri. Mo rí wọn lánàá. Mo rò pé nǹkan tí ẹ fẹ́ wò nìyẹn."

Ìdáhùn tí olùkọ́ rán wa wá wà lára ògiri, èmi ń wá olè kiri. Ojú tì mí, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti wọ ilé ìdáná rẹ̀, kí n tó kí i tán, á ti ṣí ìkòkò kí n lè rí inú rẹ̀.

Ayé ti yí padà. Lóde òní, wọ́n ń yẹ báàgì wa wò lẹ́nu ọ̀nà báńkì, àní lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, a sì ń ṣí i tẹ̀rín-tẹ̀rín. Kò dun ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí mo bá ṣí tèmi, ìkòkò màmá yẹn ni mo máa ń rí.