Kóró Kajú Kò Fi Olóko Pamọ́

Nígbà tí wọ́n rán ẹnìkan wá pè mí láìpẹ́ yìí pé kí n wá síbi ìpàdé àdúgbò, ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo gba ẹ̀yìn ilé lọ wo bí koríko ṣe gbẹ tó. Ó gbẹ. Mo fọwọ́ fún un, ó rún. Ẹni tó jíṣẹ́ náà ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí èsì.

"Akọ̀wé, kí ni kí n wí fún wọn?"

"Wí pé o bá mi nílé."

"Ṣé ẹ̀ ń bọ̀ àbí ẹ ò ní wá?"

"Mo ní kí o wí pé o bá mi nílé."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ. Wọ́n máa ń fi mí rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní mo ti di ìgbín, pé bí ẹnikẹ́ni bá ti fọwọ́ kàn mí, mo ti kó wọlé. N kì í bá wọn jiyàn. Ìgbín tó ti rí iná rí mọ ìdí tí òun fi ń kó wọlé.

Manigri ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ń gbé. Ìwé tí mo kà kò ju ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, pẹ̀lú ọdún díẹ̀ ní Bassila, níbi tí mo ti kọ́ Faransé, tí mo sì gbọ́ èdè Anii díẹ̀, ìwọ̀nba tí mo lè fi ra oúnjẹ. Ní àdúgbò wa, ìyẹn tó láti fi ènìyàn ṣe akọ̀wé. Èmi ni mò ń ka lẹ́tà tó bá ti mẹrí wá, ìyẹn ilé ìjọba ìbílẹ̀, bí wọ́n bá jẹ́ kí n rí i. Iṣu ni mò ń gbìn, mo sì ní oko kajú kan tí ìdajì rẹ̀ ṣẹ́kù. Nítorí ìdajì yẹn ni mo ṣe ń bẹ̀rù ìpàdé náà. Mo ti la ẹnu ní ìpàdé rí, ìdajì àkọ́kọ́ sì ti lọ. Bí mo bá tún là á, mi ò mọ̀ bóyá èyí tó kù á dúró.

Láti ìgbà tí a ti gbọ́njú, ilé kan ṣoṣo ni olórí àdúgbò wa ti ń wá, ilé náà sì ni ilé ìyàwó mi. Bàbá ìyàwó mi ni olórí títí ó fi kú. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tó bá dé, abẹ́ ẹní rẹ̀ ló ń fi sí. Ó gbà pé ọ̀rọ̀ ìlú kò yẹ kó máa sáré. Ìgbà kan, lẹ́tà wá nípa kànga ẹlẹ́rọ tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ fún àdúgbò tó bá kọ́kọ́ yọ̀ǹda ilẹ̀. Nígbà tí mo fi máa rí lẹ́tà náà, omi ti ń dà ní àdúgbò ẹlòmíràn. Ìyàwó mi, ọmọ rẹ̀ gan-an, ṣì ń ru omi láti odò títí di òní.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, mẹrí kọ̀wé pé àwọn fẹ́ ṣe àtúnṣe, pé kì í tún ṣe ilé kan ni yóò máa mú olórí wá, kí gbogbo ilé pàdé kí wọ́n yan ẹni tó wù wọ́n. Wọ́n ní kí oníkálukú tò sẹ́yìn ẹni tó bá fẹ́. Ẹni méjì ló jáde: ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, àti aránṣọ kan tí ìsọ̀ rẹ̀ wà létí títì. Aránṣọ náà kò ṣèlérí kankan ju pé lẹ́tà tó bá dé, òun á ní kí n kà á sókè lábẹ́ igi máńgòrò ní ọjọ́ Jímọ̀, bí a bá ti kírun tán. Nítorí ọ̀rọ̀ kan yìí ni mo ṣe fẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìtò yẹn kò rọ̀ wá lọ́rùn. Àgbà kan dìde ní ìpàdé, ó ní, "Ṣé kí n lọ dúró sẹ́yìn ẹlòmíràn, kí àna mi wá máa wo ìpàkọ́ mi?" A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Kò sí ilé méjì ní àdúgbò wa tí wọn kò fẹ́ ọmọ ara wọn. Ta ni yóò kẹ̀yìn sí àna rẹ̀ ní gbangba?

Ibẹ̀ ni mo ti la ẹnu. Mo ní kí a gbé ìkòkò méjì sínú yàrá, kí olórí ilé kọ̀ọ̀kan dá wọlé, kí ó ju kóró kan sínú ìkòkò ẹni tó fẹ́. Wọ́n bi mí pé kóró kí ni. Ìgbà ìkórè kajú ni. Kajú wà ní gbogbo ilé, nínú àpò, nínú agbọ̀n, lábẹ́ ibùsùn. Mo ní, "Kóró kajú. Kí oníkálukú mú ọ̀kan bọ̀ láti ilé."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Inú mi dùn fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ó yẹ kí n ti rántí bàbá bàbá mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo máa ń bá a lọ kọ ebè, ó sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ àtúnṣe yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ní ní ayé bàbá tirẹ̀, kí Faransé tó dé, nígbà tí ogun ń lé ènìyàn kiri, àwọn àgbà kan ti rí i pé ẹnu ilé kan ṣoṣo kò lè máa sọ̀rọ̀ fún gbogbo ìlú. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo ilé ní ìjókòó nínú ìgbìmọ̀. Àwọn tó ti jókòó tẹ́lẹ̀ kò fẹ́. Àwọn àgbà náà wá ní kí ilé kọ̀ọ̀kan fi òkúta odò kan sínú igbá tí wọ́n da aṣọ bò, igbá kan fún bẹ́ẹ̀ ni, igbá kan fún bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo bi í pé kí ló dé tí wọn kò lo àgbàdo tàbí èkùrọ́. Ó ní, "Àgbàdo ní oko tó ti wá. Òkúta odò kò nílé." Mo rò pé ọ̀rọ̀ arúgbó ni. Òun náà kò sì dúró ṣàlàyé, ebè ló ń kọ.

Ọjọ́ ìdìbò lọ wẹ́rẹ́. Nígbà tí gbogbo ilé wọlé tán, a da ìkòkò kọ̀ọ̀kan sórí ẹní tirẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Mo kà á, àgbà méjì tún un kà tẹ̀lé mi. Aránṣọ fi kóró díẹ̀ borí. Àwọn ọ̀dọ́ hó yèè. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi bọ aránṣọ lọ́wọ́. Ká ní a tú ká nígbà yẹn ni, bóyá n kì bá tí ní ohunkóhun láti kọ.

Bàbá arúgbó kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò ní ibi kankan nínú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú kóró kan, ó yí i wò, ó ní, "Ẹ wo aláìsàn! Oko etí àpáta lèyí ti wá."

Ẹni tó ni oko náà fò sókè. "Kì í ṣe aláìsàn o, Bàbá! Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́."

Ẹlòmíràn mú òmíràn. "Èyí tó rí ṣóńṣó bí ẹnu ẹyẹ yìí ńkọ́? Ta ló tún ní irú rẹ̀ bí kì í bá ṣe alágbẹ̀dẹ?"

"Èmi ni mo ni ín! Gbé e sílẹ̀, ìwọ tí tìrẹ dà bí àtàǹpàkò ọmọ ọwọ́!"

Gbogbo wa là ń rẹ́rìn-ín. Àgbẹ̀ ni wá. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí kò mọ kóró igi tirẹ̀ àti ti ẹni tó múlé tì í, bí ènìyàn ṣe ń mọ ohùn ọmọ rẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ọmọ. A ń ṣe é bí eré, oníkálukú ń yangàn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí i pé àwọn kan ti dákẹ́. Wọn kò wo kóró mọ́. Ẹní tí wọ́n ti mú un ni wọ́n ń wò.

Nígbà náà ni bàbá yẹn mú èyí tó tóbi jù lọ. "Háà, ọmọ Alédjo nìyí!"

Èmi nìkan ni mo ní in. Alédjo ni mo ti lọ ra irúgbìn rẹ̀, kóró rẹ̀ sanra, ìdí rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀. Orí ẹní aránṣọ ni bàbá ti mú un.

Kò sẹ́ni tó dárúkọ mi. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi gbójú sókè, ó wò mí, ó ní, "Akọ̀wé, kajú rẹ mà dára o." Ó rọra sọ ọ́, ó sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Ìyàwó mi kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ilé bàbá mi lẹ kọ̀."

Mo ní, "N kò kọ ilé bàbá rẹ. Abẹ́ ẹní ni mo kọ̀."

"Ẹ lọ sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀."

N kò lọ.

Ní ọjọ́ karùn-ún, lẹ́yìn tí mo kírun ọ̀sán nínú oko, mo gbọ́ ohun kan bí ẹní ń ya aṣọ. Iná ti wà lẹ́yìn mi. Afẹ́fẹ́ gbé e, ó ń fò láti orí igi kan sí èkejì. Bí mo ṣe yíjú sọ́nà ni mo rí i pé òun náà ti ń jó. Ohun tó gbà mí ni ebè iṣu tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko kajú náà, nítorí kò sí koríko kankan níbẹ̀. Mo dojú bolẹ̀ láàárín ebè méjì, mo fi erùpẹ̀ bo orí. Apá òsì mi kò rí àyè wọ inú poro, òun ni iná mú. Mo gbọ́ bí kóró kajú ṣe ń bú lórí igi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà lápapọ̀.

N kò sọ pé ẹnìkan ló dáná náà. Mo fẹ́ kí èyí yé ẹni tó bá ń kà á. Àwọn ọdẹ ọ̀yà máa ń dáná sí igbó ní irú àkókò yẹn, iná wọn sì máa ń ṣìnà. Oko ẹni méjì mìíràn jó láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Kóró àwọn méjèèjì ti wà lórí ẹní aránṣọ. Èyí pẹ̀lú lè ṣe kòńgẹ́.

Nígbà tí apá mi san díẹ̀, mo lọ gbé ní Bassila fún oṣù mélòó kan, lọ́dọ̀ Anii kan tó ń la pákó, tí a jọ jókòó ní kíláàsì kan náà. Kò bi mí ní nǹkankan. Mo ń bá a kó pákó, mo ń gbọ́ èdè tí n kò gbọ́ tán, ó sì tù mí lára pé n kò gbọ́ ọ tán. Aránṣọ ní tirẹ̀ sọ fún mẹrí pé òun kò ṣe mọ́, ó kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó lọ. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi máa bójú tó àdúgbò títí a ó fi tún yan ẹlòmíràn. Ọdún púpọ̀ ti gorí ìyẹn.

Nísinsìnyí, lẹ́tà tún ti dé pé kí a yàn. Ìyàwó mi ló fún mi ní fìlà lọ́jọ́ ìpàdé. Ó ní, "Bí ẹ bá lọ, ẹ má sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ló kó bá wa níjọ́sí."

Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí. Wọ́n ní kí a kọ orúkọ sórí ìwé, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kọ kùn. Wọ́n ní kí a tò, ọ̀rọ̀ àna tún yọjú. Ẹnìkan wá ní, "Ṣé kí a tún mú kóró..." kò sì parí rẹ̀. Gbogbo ojú yí sí ọ̀dọ̀ mi, sí apá òsì mi. Mo dìde kí n tó mọ̀ pé mo ti dìde.

Mo ní, "Òkúta odò. Kí a kó o sójú kan, kí oníkálukú mú ọ̀kan níbẹ̀. Kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni mú ti ilé wá."

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló dáhùn. "Ta ni yóò ṣa òkúta náà? Ẹni tó bá ṣà á lè sàmì sí i." Ó tún ní, "Èmi àti ìwọ ni ká jọ lọ ṣà á, Akọ̀wé."

N kò lè kọ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Àwa méjì la lọ, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, pẹ̀lú àpò kan. Odò ti gbẹ kù díẹ̀. Mo jẹ́ kí ó máa lọ níwájú. A bẹ̀rẹ̀, à ń ṣà.

"Apá rẹ ṣì ń dùn ọ́?"

"Bí òjò bá fẹ́ rọ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Àwọn igi yẹn ńkọ́?"

"Ìdí àwọn kan tún rúwé."

"Igi kajú kì í kú bọ̀rọ̀," ló wí, kò sì gbójú sókè.

Mo yẹ ọ̀rọ̀ náà wò láti iwájú, mo yẹ̀ ẹ́ wò láti ẹ̀yìn. Ó lè jẹ́ ìtùnú. N kò bi í.

Òkúta kan wà lọ́wọ́ mi tó ní ìlà funfun lára. Mo mọ̀ pé níbikíbi tí mo bá ti rí i, màá mọ̀ ọ́n. Mo sọ ọ́ padà sínú omi. Nígbà tí mo yíjú, ó ń wò mí. Ó ki ọwọ́ bọ inú àpò, ó wá a títí, ó mú òkúta pupa kan jáde, ó wò ó, ó sì sọ ọ́ nù. A jọ gbé àpò náà wá sílé.

Àpò náà wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú mọ́sálásí. Ọjọ́ Sátidé ni ìdìbò. Láti ìgbà tí a ti bọ̀, mò ń lọ sóko lójoojúmọ́, mò ń ro koríko yí àwọn igi tó kù ká títí ilẹ̀ fi funfun, nítorí òjò kò tíì rọ̀.